Ohun tí jíìnì G6PD kọ́ mi, láti ara ọmọ mi dé ara àbúrò mi

Ọmọ mi ọkùnrin àti àbúrò mi ọkùnrin, jíìnì kan náà ló ní àbùkù lára àwọn méjèèjì, G6PD lorúkọ ẹ̀ (jíìnì ni àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí), kò sì sí èyí tá a lè pè ní aláìsàn nínú wọn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń sáré, gbogbo ohun tẹ́gbẹ́ wọn ń ṣe làwọn náà ń ṣe. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tó bá wọ ara wọn, láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó ju 400 mílíọ̀nù èèyàn lọ láyé tó ní irú àbùkù yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ohun tó ń dùn mí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ gbogbo ohun tójú mi rí sílẹ̀.

Mo bí ọmọ mi wẹ́rẹ́, ó ké dáadáa, ó mu ọmú dáadáa. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo rí i pé funfun ojú ẹ̀ ti ń yẹ́lò. Àwọn tó yí mi ká ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, pé ọmọ tuntun tó ń ní jọ́ńdíìsì pọ̀, kí n ṣáà máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀, jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun kì í sì í sábà le, àmọ́ ti ọmọ mi yìí ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, láti ojú ó ti dé àyà, láti àyà ó ti ń lọ sẹ́sẹ̀, ọmọ tó ń fa ọmú gidi tẹ́lẹ̀ wá ń sùn ṣáá, tí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu kò ní fà á. Ọkàn mi ò gbà á. A gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi nǹkan bo ojú ẹ̀ kí iná náà má bàa ṣe é léṣe, èmi àti bàbá ẹ̀ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ à ń wo àyà ẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. Ó mú aṣọ tá a bọ́ lára ọmọ, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kánfọ̀ wà níbi tí wọ́n kó aṣọ yìí sí?" Ẹ̀bùn ni aṣọ náà, ẹnì kan nínú ẹbí ló ti ń tọ́jú ẹ̀ látìgbà tí ọmọ tiẹ̀ ti dàgbà kúrò nínú ẹ̀, inú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀ ló sì wà. Nọ́ọ̀sì ní ká kó gbogbo ẹ̀ kúrò, àti aṣọ àti ìborùn, ká má mú un sún mọ́ ọmọ náà mọ́. Ó ní naphthalene tí wọ́n fi ń ṣe irú kánfọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gba awọ ọmọ wọlé, ó ń gba imú wọlé, tí ọmọ tí G6PD ẹ̀ ò bá tó bá sì fà á sára, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè fọ́. Ó fi kún un fún dókítà pé kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì G6PD fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn láyé mi nìyẹn, mo sì máa ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn títí dòní, torí kò sẹ́ni tó ní kó gbóòórùn aṣọ.

Ohun tí wọ́n ń sá fún kì í ṣe àwọ̀ yẹ́lò yẹn fúnra ẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá fọ́, ohun tó ń kù sílẹ̀ nínú ẹ̀ ni bilirubin, ẹ̀dọ̀ ló sì yẹ kó palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò sì tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Tí bilirubin bá wá pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ, ó lè wọnú ọpọlọ, ọmọ tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí, àwọn míì á di adití, àwọn míì ò ní lè darí apá àtẹsẹ̀ wọn mọ́ láyé wọn. Iná búlúù yẹn ló ń yí bilirubin padà sí oríṣi tí ara lè tú dànù láìdúró de ẹ̀dọ̀. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ti ọmọ mi ò débẹ̀, iná ló gbà á là. Dókítà tún sọ fún mi pé lára ọmọ tuntun, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ nìkan kọ́ ló máa ń fa jọ́ńdíìsì tó bá dọ̀rọ̀ G6PD, tí ọmọ náà bá tún wá ní àyípadà kan lára jíìnì míì tó ń jẹ́ UGT1A1, èyí tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lórí bilirubin, àwọn méjèèjì á pàdé, nǹkan á wá le. Nítorí náà, òbí tó bá sọ pé ọmọ òun ní G6PD, jọ́ńdíìsì ò sì ṣe é, kò parọ́, èyí tí tiẹ̀ sì ṣe bí ti ọmọ mi ò parọ́.

Tẹ́ẹ̀sì jáde, ẹ́ńsáìmù tí jíìnì náà ń ṣe, tí òun náà ń jẹ́ G6PD, kéré (ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú sẹ́ẹ̀lì). Mo wá ní kí dókítà ṣàlàyé fún mi látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tá a tilẹ̀ kúrò níbẹ̀ mo tún lọ kà á fúnra mi, mo kà á títí ó fi yé mi.

Jíìnì náà wà létí kúrómósómù X, níbi tí wọ́n ń pè ní Xq28. Òun ni ara ń kà tó fi ń mọ bó ṣe máa to ẹ́ńsáìmù kan, purotéènì tó ní amino acid 515 (amino acid ni ẹyọ kéékèèké tí wọ́n fi ń to purotéènì), orúkọ gígùn ẹ̀ ni glucose-6-phosphate dehydrogenase. Ẹ́ńsáìmù yìí kì í dá nìkan ṣiṣẹ́, méjì gbọ́dọ̀ so pọ̀, nígbà míì mẹ́rin. Ṣúgà tó bá wọnú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n ń lò fún agbára, àmọ́ G6PD máa ń yà díẹ̀ sọ́nà míì, ọ̀nà yẹn ni kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ NADPH ti ń jáde. NADPH yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́míkà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ glutathione, òun ló ń pa hydrogen peroxide àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, tó bá sì ti pa wọ́n tán, agbára òun náà ti tán nìyẹn, àfi kí NADPH dá a padà sípò kó lè tún ṣiṣẹ́. Tí NADPH ò bá sí, glutathione ò ní sí, tí glutathione ò bá sì sí, kò sóhun tó ń gbèjà sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí mo bi dókítà ni pé, dókítà, ṣebí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ní jíìnì yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀? Ìdáhùn ẹ̀ wọ̀ mí lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù ní ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà rí NADPH. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ò ní. Kó tó jáde látinú mùdùnmúdùn egungun ló ti ju ibi tí àwọn jíìnì ẹ̀ wà nù, kò sì pẹ́ tó fi ń ju mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, nù, kó lè ráyè gbé hemoglobin, ohun tó ń gbé ọ́síjìn. Kò lè ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun mọ́. Èyí tí wọ́n dì fún un nígbà tó ń jáde ló máa lò fún bí 120 ọjọ́ tó máa fi wà láyé, ọ́síjìn tó sì ń gbé kiri ní gbogbo ọjọ́ yẹn, òun náà wà lára ohun tó ń bí àwọn kẹ́míkà burúkú yẹn. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ ẹ̀ léwu tó bẹ́ẹ̀ tí ohun ìjà ẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀. A kì í sì í rí ẹni tí G6PD ẹ̀ ti tán pátápátá, àwọn tí tiwọn kéré jù pàápàá, díẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Oríṣi tó wà nínú ẹbí wa ni wọ́n ń pè ní A-, òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ibi méjì ni wọ́n ti yí lẹ́tà padà nínú jíìnì náà, ní 376 àti ní 202, ìyẹn ló sì yí amino acid 126 àti 68 padà nínú purotéènì ẹ̀. Ara ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà, ó kàn jẹ́ pé kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á ní tó pọ̀ tó, èyí tó ti pẹ́ láyé tiẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa túmọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Oríṣi Mẹditaréníà, tí tiẹ̀ wà ní amino acid 188, le ju tiwa lọ, sẹ́ẹ̀lì tuntun pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Àwọn oríṣi míì wà tí kò wọ́pọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni náà á máa fọ́ ní gbogbo ìgbà láìjẹ́ pé ó lo nǹkan kan, ní 2022 tí àjọ ìlera àgbáyé tún wọn pín, ìpín A ni wọ́n fi àwọn yẹn sí, ìpín B ni tiwa àti ti Mẹditaréníà wà.

Ó kan àbúrò mi. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí n tó bímọ, ó ní nǹkan lára awọ, wọ́n sì kọ oògùn kan tó ń jẹ́ dapsone fún un. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí, ojú ẹ̀ yẹ́lò, ìtọ̀ tó sì ń tọ̀ dúdú bíi kóòkù. Ó ya fọ́tò ìtọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi, àyà mi já. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní bóyá ẹ̀dọ̀ ni, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹnì kan nínú àwọn dókítà ibẹ̀ ronú kan G6PD, wọ́n ṣe é, èsì ní kò sí àléébù kankan. Bí wọ́n ṣe pa fáìlì dé nìyẹn. Ó dá dapsone dúró, ara ẹ̀ yá, gbogbo wa ní ká dúpẹ́.

Nígbà tí èsì ọmọ mi wá jáde, àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn fún mi nígbà yẹn o, wọ́n ní mi ò ní in." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá dókítà, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó mi orí. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Mo ní ìgbà tó wà lórí àìsàn ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti ṣì í nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tí ẹ́ńsáìmù wọn ti tán ló fọ́ lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló ṣẹ́ kù, egungun á sì tún máa tú àwọn tuntun jáde lọ́pọ̀lọpọ̀ láti dípò àwọn tó lọ, àwọn tuntun yìí ló sì ní ẹ́ńsáìmù jù. Tí ẹ bá wá wọn ẹ́ńsáìmù lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó lágbára nìkan lẹ̀ ń wọ̀n. Wọ́n tún ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára, èyí tó túmọ̀ sí pé lára ohun tí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe tiẹ̀ rárá. Ó ní kó dúró di nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àìsàn kó tó tún un ṣe, àbúrò mi sì ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Ó lọ tún un ṣe. Ó kéré.

Ẹ̀kọ́ tí mo máa pariwo jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí nìyẹn. Ẹnì kan lè rìn kiri pẹ̀lú ìwé tó sọ pé kò ní in, kó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé yẹn, kí wọ́n tún fún un ní oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Tí ìtọ̀ dúdú, ojú yẹ́lò àti àìlókun bá tẹ̀ lé oògùn, tí tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀ sì ní kò sí, ẹ má gbà á tán, ẹ tún un ṣe tára bá ti balẹ̀. Tí ò bá sì ṣeé dúró, tẹ́ẹ̀sì DNA wà tó ń ka jíìnì náà fúnra ẹ̀, ìyẹn ò ka ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì sí.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí láàbù lọ́jọ́ tó lọ tún un ṣe, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún, ó gbé sláìdì méjì tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ní ẹ wá wò ó. Nínú àkọ́kọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, nínú wọn lẹ́ẹ̀ máa rí tóótòòtó aláwọ̀ àlùkò tó lẹ̀ mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì látinú, òmíràn ní ẹyọ kan, òmíràn ní tó mẹ́ta. Ó ní hemoglobin tó ti bàjẹ́ tó dì pọ̀ nìyẹn, Heinz bodies ni wọ́n ń pè é, orúkọ Robert Heinz ará Jámánì tó ṣàlàyé ẹ̀ ní 1890. Ó ní àfi kí wọ́n lo dáì pàtàkì kó tó hàn, ẹni tó bá kàn lo dáì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ á wò ó kọjá. Nínú ìkejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí etí wọn ti ṣófo níbi kan, wọ́n ti bù ú. Ọlọ inú ló bù ú: sẹ́ẹ̀lì fẹ́ kọjá níbẹ̀, ọlọ inú rí ibi tó dì yẹn, ó gé e kúrò, ó ní kí ìyókù máa lọ. Èyí tí kò bá lè kọjá ló ń fọ́. Mo wo ìkejì yẹn pẹ́, àbúrò mi náà wò ó, ó ní ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òun nìyẹn nígbà tí wọ́n ń sọ fún òun pé ibà ni. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Báwọn èèyàn ṣe rí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀ tún jẹ́ nǹkan tó yẹ ká mọ̀, torí kò mọ́ tónítóní. Ní ọdún 1950 sókè, wọ́n ń dán primaquine, oògùn ibà, wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní Illinois ní Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan lára wọn fọ́, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣé oògùn ló burú ni àbí ara wọn? Wọ́n fi chromium tó ń tan ìtànṣán sàmì sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó máa ń fọ́, wọ́n fà á sára ẹni tí tiẹ̀ kì í fọ́, wọ́n wá fún ẹni tó gbà á ní primaquine. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àlejò yẹn ló fọ́, ti onílé ò fọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ni àbùkù wà. Nígbà tó di 1956, Paul Carson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé G6PD ni kò tó. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n ò ní òmìnira láti sọ pé mi ò ṣe, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa sọ ìtàn náà ká fo ibẹ̀ yẹn.

Ìmọ̀ yẹn wà tipẹ́, síbẹ̀ oògùn ibà kan tó ń jẹ́ Lapdap, tí dapsone wà nínú ẹ̀, jáde ní 2003, wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó ní Áfíríkà, 2008 ni wọ́n tó kó o kúrò nílẹ̀ nígbà tó hàn gbangba pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn ò tó. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Tafenoquine, oògùn ibà míì tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2018, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni láìṣe tẹ́ẹ̀sì G6PD. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹbí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta ló gbé e wá, ṣé ilé ọkọ ni àbí ilé ìyàwó. Jíìnì náà wà lórí X, ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ti gbà á, Y ni bàbá fún un. Torí náà, kò sí bí bàbá ṣe lè fún ọmọkùnrin ẹ̀ ní G6PD tó ní àbùkù. Ara mi ló ti dé ara ọmọ mi, ara Màámi ló sì ti dé ara èmi àti àbúrò mi. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, torí bí wọn ò bá mọ ọ̀nà tó ń gbà, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì? Àbúrò ìyá mi obìnrin ní ọmọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin. Àwọn ni ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ẹbí ọkọ mi.

Àwọn kan sì ní, ṣebí jẹ́nótáìpù ọmọ náà AA ni, kí wá ni? Jẹ́nótáìpù tí wọ́n ń sọ yẹn, hemoglobin ló ń wò, ti síkùsẹ́ẹ̀lì ni. Kò wo G6PD rárá. Ẹni tó jẹ́ AA lè ní in, ẹni tó jẹ́ AS lè ní in.

Àwa obìnrin ńkọ́? X méjì la ní, ní 1961 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Mary Lyon sọ pé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú X méjèèjì ló ń sùn, kò sì pẹ́ sígbà yẹn tí Ernest Beutler fi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin bíi tèmi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú wa, àwọn kan ní ẹ́ńsáìmù tó péye, àwọn kan ò ní. Kì í sì í ṣe dédé ní gbogbo ìgbà. Obìnrin kan lè ní ìdajì sí ìdajì, òmíràn lè jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù lára ẹ̀ ni kò dáa, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á sì fọ́ bíi ti ọkùnrin. Tèmi wà láàárín. Tẹ́ẹ̀sì kékeré tó kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sábà máa ń pe irú wa ní ẹni tí kò ní in, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà. Èmi náà ń sọ fún gbogbo dókítà tó bá fẹ́ fún mi ní oògùn.

Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tí mo bá ṣàlàyé fún máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí nǹkan yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibà ni. Àwọn ibi tí ibà ti ń pa èèyàn láti ayé àtijọ́ náà ló ti wọ́pọ̀. Ní 1969, Lucio Luzzatto, Usanga àti Reddy tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn wo ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ní ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì méjì yẹn nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n sì rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó péye ju àwọn tí ẹ́ńsáìmù wọn ò tó lọ. Nínú ara ẹnì kan náà o, lọ́jọ́ kan náà. Inú mi dùn gan-an pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀ ní ibà ò lè mú ọmọ òun. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2017 fi hàn pé bí àbùkù náà ṣe ń dín ibà tó ń wọnú ọpọlọ kù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kí ibà tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ burúkú pọ̀ sí i. Ọmọ mi ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ní ti oògùn, ẹ ṣọ́ra fún àwọn lísíìtì gígùn tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù. Mo ti rí èyí tó ní kí wọ́n má lo Panadol, tó ní kí wọ́n má lo gbogbo oògùn ibà pátá, òbí míì á wá di ọmọ tí ibà ń ṣe mú láìfún un ní nǹkan kan. Èyí léwu ju ohun tí wọ́n ń sá fún lọ, torí àìsàn fúnra ẹ̀ wà lára ohun tó máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn jù. Panadol ní ìwọ̀n tó yẹ kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn tó dájú pé wọ́n burú ni dapsone, primaquine, tafenoquine, rasburicase tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, pegloticase tó wà fún gáùtì, àti methylene blue. Nitrofurantoin tí wọ́n ń fún àwọn tí ìtọ̀ ń ta lára náà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó tó kọ ọ́. Ti methylene blue yẹn ló yà mí lẹ́nu jù: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò bá lè gbé ọ́síjìn dáadáa mọ́ nítorí methemoglobin, ìyẹn hemoglobin tó ti yí padà, ni wọ́n ń fún, ó sì nílò NADPH kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹni tí kò ní NADPH tí wọ́n fún ní oògùn yẹn, kò ní wò ó sàn, á tún fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni wọ́n sì ń lò ó fún, ìgbà tí aláìsàn ò lè sọ̀rọ̀, ìdí tí káàdì fi wà nínú pọ́ọ̀sì àbúrò mi nìyẹn. Ẹ̀wà fava nìkan ni oúnjẹ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé kí wọ́n sá fún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú pàápàá kó má jẹ ẹ́, torí àwọn kẹ́míkà vicine àti convicine tó wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀wà o.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, èmi náà ò tètè mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ̀sì ṣúgà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ hemoglobin láti bí oṣù mélòó kan ló ń wọ̀n. Tí sẹ́ẹ̀lì ẹni bá ń kú ṣáájú àkókò, ṣúgà ò ní ráyè lẹ̀ mọ́ ọn tó, nọ́ńbà á wá kéré, wọ́n á ní kò ní àtọ̀gbẹ nígbà tó ti ní in. Ní 2017 náà ni ìwádìí kan fi èyí hàn kedere láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ní oríṣi A- yìí. Àbúrò mi ti ń dàgbà, ó sì sanra díẹ̀, mo ní kó bẹ dókítà ẹ̀ pé ṣúgà àárọ̀ kùtù tí kò tíì jẹun ni kí wọ́n máa wò fún un. Dókítà náà kọ́kọ́ wò ó, ó ní kí ló dé, nígbà tó ṣàlàyé, ó gbà.

Àbúrò mi ti bí ọmọbìnrin kan báyìí. X kan ṣoṣo ló ní láti fún un, èyí tó ní àbùkù náà sì ni, kò nílò tẹ́ẹ̀sì kankan ká tó mọ̀ pé ó wà lára ọmọ náà. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀ látọjọ́ ìbí, ìyá ẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò sí kánfọ̀ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti mú ọmọkùnrin ẹ̀ lọ, tiẹ̀ péye. Ó ku àwọn ọmọ àbúrò ìyá mi, mo pè wọ́n lánàá, èyí àgbà nínú wọn ní òun máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnìkejì ṣì ní ara òun le, òun ò rí ohun tó kan òun níbẹ̀. Màá tún pè é.